Clement Attlee

Clement Richard Attlee (3 Oṣù Kìíní 1883 – 8 Oṣù Kẹwàá 1967) jẹ́ agbẹjọ́rò, ajagun àti olóṣèlú ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ Alákòóso Àgbà Brítánì láti ọdún 1945 títí di ọdún 1951. Ogún ọdún ni ó fi ṣe olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Labour, láti 1935 dé 1955, kò sì sí olórí mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà tí ó pẹ́ tó o lórí àga. Ìjọba rẹ̀ ni ó dá ètò ìlera ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo aráàlú, tí ó gba iṣẹ́ èédú àti ọkọ̀ ojú irin lọ́wọ́ àwọn aládàáni, tí ó sì fún India, Pakistan, Burma àti Ceylon ní òmìnira.

Attlee kò ga, ohùn rẹ̀ kò rinlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ lójú agbo. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń darí ló já fáfá lẹ́nu jù ú lọ, àwọn kan nínú wọn sì gbà pé àwọn ni ipò rẹ̀ tọ́ sí. Síbẹ̀, nínú ètò ìjọba tí ó jẹ́ pé àwọn aṣòfin ló ń gbé Alákòóso Àgbà ró, tí wọ́n sì lè fa àga yọ nídìí rẹ̀ nígbàkígbà, kò sí ẹni tí ó rí ipò náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí abájọ rẹ̀ wà nínú bí ó ṣe ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ju inú ohun tí ó ń sọ fún aráàlú lọ.

Ìgbà èwe àti àdúgbò Stepney

Ìlú Putney, tí ó ti di apá kan London báyìí, ni wọ́n bí Attlee sí. Òun ni ọmọ keje nínú ọmọ mẹ́jọ. Agbẹjọ́rò tí ó rí jájẹ ni Henry, bàbá rẹ̀; ìyá rẹ̀ ni Ellen. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Haileybury, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní University College ní Oxford, níbi tí ó ti parí ní ọdún 1904. Ní ọdún 1906 wọ́n gbà á sínú ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò. Títí di àkókò yìí, èrò àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èrò rẹ̀, kò sì sí àmì pé yóò di ọ̀rẹ́ àwọn òṣìṣẹ́.

Ohun tí ó yí i padà ni ilé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́ ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ ní Stepney, ní ìhà ìlà-oòrùn London, níbi tí òṣì ti wọ́pọ̀. Ní ọdún 1905 ó lọ ṣe ìbẹ̀wò níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi ń lọ déédéé, nígbà tí ó sì di ọdún 1907 òun ni alábòójútó ilé náà. Ó rí àwọn ọmọ tí ebi ń pa bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òbí wọn kì í ṣe ọ̀lẹ, ó sì rí i pé àánú àwọn olówó kò lè tán irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1908 ó wọ ẹgbẹ́ Independent Labour Party, ó sì ń dúró sí ìkóríta Stepney láti bá àwọn tí ń kọjá lọ sọ̀rọ̀ òṣèlú. Ó fi iṣẹ́ agbẹjọ́rò sílẹ̀, ó sì di olùkọ́ ní London School of Economics ní ọdún 1912.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀, Attlee wọ iṣẹ́ ológun, nígbà tí Tom, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ sún mọ́ra gan-an, kọ̀ láti jagun nítorí ẹ̀rí ọkàn, tí wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ọ̀rọ̀ yìí kò da àárín wọn rú. Attlee jà ní Gallipoli ní ọdún 1915, ó sì wà lára àwọn tí ó kúrò ní èbúté Suvla kẹ́yìn. Ó fara gbọgbẹ́ ní Mesopotamia ní ọdún 1916, ó tún jà ní ilẹ̀ Faransé kí ogun tó parí. Oyè Major tí ó gbà nínú ogun ni àwọn ènìyàn fi ń pè é fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ọ̀nà tí ó gbà di olórí ẹgbẹ́

Ní ọdún 1919 Attlee di mẹ́yọ̀ Stepney, ó sì fi agbára ipò náà mú àwọn onílé tí ilé wọn ti di àkísà láti tún un ṣe. Ní ọdún 1922 ó gbé Violet Millar níyàwó. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn ará Limehouse dìbò yàn án lọ sí Ilé Aṣòfin. Ó ṣe akọ̀wé aṣòfin fún Ramsay MacDonald, olórí ẹgbẹ́ Labour, ó sì di ipò kékeré mú nínú ìjọba Labour àkọ́kọ́ ní ọdún 1924. Láti ọdún 1927 ó wà nínú ìgbìmọ̀ Simon tí wọ́n rán lọ ṣe àyẹ̀wò ìṣàkóso India. Kò sí ọmọ India kankan nínú ìgbìmọ̀ náà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ará India kọ̀yìn sí i. Ohun tí Attlee rí kọ́ níbẹ̀ wúlò fún un lẹ́yìn ogún ọdún.

Ọdún 1931 fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹgbẹ́ Labour run. Nínú ìṣòro owó tí ó gbòde, MacDonald fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ dá ìjọba sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn Conservative. Nínú ìdìbò tí ó tẹ̀ lé e, nǹkan bí àádọ́ta péré ló kù nínú àwọn aṣòfin Labour. Àwọn ògbóǹtarìgì ẹgbẹ́ pàdánù ìjókòó wọn. Attlee ní tirẹ̀ wọlé ní Limehouse pẹ̀lú ìbò 551 péré tí ó fi ju alátakò rẹ̀ lọ. Bí ìbò díẹ̀ yẹn bá ti lọ sí apá kejì ni, ó ṣeé ṣe kí ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn.

George Lansbury di olórí, Attlee di igbákejì. Fún ọdún mẹ́rin, ìwọ̀nba àwọn tí ó kù ni ó ní láti dá ìjọba lóhùn lórí gbogbo ọ̀rọ̀, Attlee sì ń dìde sọ̀rọ̀ lórí owó lónìí, lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́la, lórí ogun lọ́tùnla. Ibẹ̀ ni àwọn aṣòfin ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Lansbury fipò sílẹ̀ ní ọdún 1935, wọ́n fi Attlee ṣe adelé, àwọn tí ó rò pé kò ní pẹ́ lọ kò sì kéré. Lẹ́yìn ìdìbò gbogbogbòò ọdún yẹn, Herbert Morrison, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn ní London, bá a du ipò náà, pẹ̀lú Arthur Greenwood. Ní ìbò àkọ́kọ́ Attlee ní 58, Morrison 44, Greenwood 33. Ní ìbò kejì Attlee ní 88, Morrison 48. Àwọn tí ó ti bá a jìyà nínú Ilé láti 1931 ló dìbò fún un. Morrison kò sí nínú Ilé ní gbogbo ọdún yẹn, kò sì gbàgbé ìjákulẹ̀ náà títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Igbákejì Churchill

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1940, lẹ́yìn tí ogun ti Norway yíwọ́, Alákòóso Àgbà Neville Chamberlain fẹ́ kí ẹgbẹ́ Labour wá bá òun ṣe ìjọba. Attlee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbà láti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn. Ìdáhùn yìí ló ti ilẹ̀kùn mọ́ Chamberlain, tí Winston Churchill fi gorí àga. Churchill àti Attlee nìkan ni wọ́n wà nínú ìgbìmọ̀ ogun láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin ìjọba àpapọ̀ náà. Ní ọdún 1942 Attlee di Igbákejì Alákòóso Àgbà ní orúkọ àti ní ìṣe.

Iṣẹ́ pín láàárín wọn láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀. Churchill ń sọ̀rọ̀ fún ayé, ó sì ń gbé ọkàn lé ogun. Nígbà tí kò bá sí nílé, Attlee ló ń ṣe alága, ọ̀pọ̀ ló sì ṣàkíyèsí pé ìpàdé tí Attlee bá darí máa ń tètè parí, ìpinnu sì máa ń jáde níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1945 ó kọ lẹ́tà gígùn kan sí Churchill. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kí akọ̀wé kankan má baà rí i. Ó rojọ́ pé Alákòóso Àgbà kì í ka ìwé tí àwọn ìgbìmọ̀ bá kọ, pé ó ń fi àkókò àwọn mínísítà ṣòfò, àti pé ó ń fetí sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì kan ju àwọn tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn lọ. Inú bí Churchill gidigidi, ṣùgbọ́n aya rẹ̀ pàápàá gbà pé òtítọ́ ni lẹ́tà náà. Nínú ẹ̀sùn wọ̀nyí ni ènìyàn ti lè rí irú Alákòóso Àgbà tí Attlee fúnra rẹ̀ yóò jẹ́.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Keje ọdún 1945

Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1945, ṣùgbọ́n nítorí ìbò àwọn ọmọ ogun tí ó wà lókè òkun, ọjọ́ 26 ni èsì jáde. Ìjókòó 393 nínú 640 ló bọ́ sí ọwọ́ Labour. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ẹnu yà, nítorí Churchill ni gbogbo ayé ń kan sáárá sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Morrison sọ pé kò yẹ kí Attlee gba ìpè ọba kí àwọn aṣòfin tuntun tó pàdé láti yan olórí. Nígbà tí Morrison jáde lọ dáhùn tẹlifóònù, Ernest Bevin, àgbà olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó lágbára jù lọ ní ilẹ̀ náà, rọ Attlee pé kí ó gbéra lọ sí ààfin lójú ẹsẹ̀. Attlee kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó mu tíì pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, Violet wa ọkọ̀ wọn kékeré lọ sí Buckingham, Ọba George Kẹfà sì ní kí ó dá ìjọba sílẹ̀. Ìgbà tí Morrison yóò fi mọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Fún ẹni tí àwọn ènìyàn ń fojú tẹ́ḿbẹ́lú pé ó jẹ́ onítìjú, ìpinnu wákàtí kan yẹn fi hàn pé ó mọ ibi tí agbára wà.

Bí ó ṣe ń darí ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà

Àwọn tí Attlee kó jọ kì í ṣe ẹni tí ó rọrùn láti kó sínú yàrá kan. Bevin àti Morrison kórìíra ara wọn. Hugh Dalton fẹ́ràn òfófó, kò sì fi bò. Stafford Cripps jẹ́ olóye àti olùfọkànsìn tí ó gbà pé òun ló mọ ọ̀nà. Aneurin Bevan, ọmọ ìwakùsà láti Wales, lẹ́nu bí idà. Ellen Wilkinson, mínísítà ẹ̀kọ́, ti ṣe agbátẹrù ìwọ́de ebi láti Jarrow wá sí London. Alákòóso Àgbà tí ó bá ń bẹ̀rù ọgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ìbá ti fi àwọn ọlọ́rọ̀ dídùn tí kò lágbára rọ́pò wọn. Attlee fún oníkálukú ní iṣẹ́ tí ó tó o, ó sì jẹ́ kí ó ṣe é. Dalton ni ó kọ́kọ́ rò fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Bevin fún ìṣúná. Ó pààrọ̀ wọn kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí bí Bevin àti Morrison bá jọ ń ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ìjà kò ní tán. Bevan, tí kò tíì ṣe mínísítà rí, ni ó fún ní ìlera àti ilé kíkọ́.

Nínú ìpàdé, kò fẹ́ kí mínísítà ka ìwé tí gbogbo ènìyàn ti ní lọ́wọ́. Yóò béèrè bóyá ohun kan wà tí kò sí nínú ìwé náà. Bí kò bá sí, yóò béèrè ẹni tí ó lòdì sí i. Bí àríyànjiyàn bá gùn, a tẹ́tí sílẹ̀, a máa fa páìpù rẹ̀, lẹ́yìn náà a sọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta, akọ̀wé a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í sábà pè fún ìbò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í tètè sọ èrò tirẹ̀, nítorí bí alága bá ti sọ ibi tí òun wà, àwọn aláìlágbára yóò tẹ̀ lé e, àwọn alágbára yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìjà. Nígbà tí Bevan fẹ́ kí ìjọba gba gbogbo ilé ìwòsàn, tí Morrison sì ń jà pé kí wọ́n fi ti ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, Attlee jẹ́ kí àwọn méjèèjì rò ó dé ìdí, kí ó tó dúró ti Bevan.

Kò sì láàánú lójú nígbà tí mínísítà kò bá tó iṣẹ́. Ẹni tí ó bá béèrè ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́ ni ó máa ń dá lóhùn ní ṣókí pé iṣẹ́ náà ju agbára rẹ̀ lọ. Nígbà tí Dalton fi ẹnu ṣe é ní oṣù Kọkànlá ọdún 1947, tí ó sọ àṣírí ètò ìṣúná fún oníròyìn kan lójú ọ̀nà Ilé Aṣòfin kí ó tó ka ètò náà jáde, Attlee gba ìwé ìfipòsílẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ti jọ ń ṣe bọ̀ láti ọdún pípẹ́. Kì í fẹ́ kí àwọn oníròyìn máa wá a kiri pẹ̀lú. Ìgbà tí wọ́n sọ fún un pé ẹ̀rọ ìròyìn yóò máa fún un ní èsì eré kíríkẹ́ẹ̀tì ni ó tó gbà kí wọ́n gbé e sí ilé ìjọba.

Ètò ìlera, èédú àti búrẹ́dì

Owó kò sí. Ogun ti jẹ gbèsè dé ọrùn, Amẹ́ríkà sì dáwọ́ ìrànlọ́wọ́ ogun dúró ní oṣù Kẹjọ ọdún 1945. Ìjọba rán onímọ̀ ọrọ̀-ajé John Maynard Keynes lọ sí Washington, ó sì mú ẹ̀yáwó 3.75 bílíọ̀nù dọ́là wálé, tí Brítánì kò san tán títí di ọdún 2006. Nínú òṣì yìí ni wọ́n ti ṣe gbogbo iṣẹ́ wọn. Wọ́n sọ Bánkì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ti ìjọba ní ọdún 1946, èédú ní ọjọ́ kìíní ọdún 1947, ọkọ̀ ojú irin ní ọdún 1948. Òfin ìbánigbófò ti ọdún 1946 ṣètò owó fún aláìsàn, aláìníṣẹ́, opó àti arúgbó. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948 ètò ìlera bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí Bevan ti bá àwọn dókítà fa wàhálà fún ọdún méjì. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lè wọ ilé ìwòsàn, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀.

Ìyà aráàlú pọ̀ síbẹ̀. Búrẹ́dì tí ẹnikẹ́ni kò fi káàdì rà nígbà ogun di ohun tí wọ́n ń fi káàdì rà láti 1946 sí 1948. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1947 òtútù líle dé, yìnyín dí ojú ọ̀nà, èédú kò dé ibi tí ó yẹ, ilé iṣẹ́ sì ń pa ilẹ̀kùn dé. Ní oṣù Keje wọ́n mú ìlérí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni lè fi pọ́n-ùn pààrọ̀ dọ́là. Owó bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ bí omi, wọ́n sì dá a dúró láàárín oṣù kan àti díẹ̀.

Ìgbà náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dìde sí i. Ní oṣù Kẹsàn-án, Cripps lọ bá Attlee ní ojúkojú, ó ní kí ó gbé ipò sílẹ̀ fún Bevin. Attlee gbọ́ ọ tán láìbínú. Ó gbé tẹlifóònù, ó bi Bevin bóyá ó fẹ́ di Alákòóso Àgbà. Bevin ní òun kò fẹ́. Attlee wá yíjú sí Cripps, ó sì fi ipò tuntun lọ̀ ọ́, ti mínísítà ọ̀rọ̀ ọrọ̀-ajé, kí ó lè ṣe àtúnṣe tí ó ń pariwo lé lórí. Cripps gbà. Ẹni tí ó wá lé ọ̀gá jáde ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá padà sílé. Láti ìgbà náà títí Cripps fi ṣàìsàn ní ọdún 1950, kò sí mínísítà tí ó ṣiṣẹ́ kára jù ú lọ.

India àti àwọn ilẹ̀ tí Brítánì ń ṣàkóso

Ọ̀rọ̀ India ni Attlee mú ní pàtàkì jù, kò sì fi í sílẹ̀ fún mínísítà kankan. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1947 ó kéde nínú Ilé Aṣòfin pé Brítánì yóò kúrò ní India kí oṣù Kẹfà ọdún 1948 tó kọjá, ó sì rán Lord Mountbatten lọ parí iṣẹ́. Èrò rẹ̀ ni pé bí kò bá sí ọjọ́ tí a dá, àwọn olórí India kò ní fohùn ṣọ̀kan láéláé. Mountbatten fa ọjọ́ náà súnmọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1947, wọ́n sì pín ilẹ̀ náà sí India àti Pakistan. Agbẹjọ́rò kan, Cyril Radcliffe, ni wọ́n ní kí ó fa ààlà láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn tí ó sá kúrò nílé, ọgọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ló sì kú nínú ìpakúpa. Àwọn kan sọ pé ìkánjú ló fa á, àwọn mìíràn ní ìdádúró ìbá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí kò ṣeé jiyàn lé ni pé Attlee ló dá ọjọ́, ìjọba rẹ̀ ló sì buwọ́ lu àtúnṣe tí ó mú un yára sí i. Burma àti Ceylon gba òmìnira ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1948. Ní Palestine, Brítánì kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kúrò ní ọdún yẹn láìfi àdéhùn kankan sílẹ̀, ogun sì bẹ́.

Orúkọ Attlee ti dé etí àwọn ọmọ Nàìjíríà kí ó tó di Alákòóso Àgbà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1941, bí Churchill àti Roosevelt ṣe gbé ìwé àdéhùn Atlantic jáde, Attlee bá West African Students' Union sọ̀rọ̀ ní London, ẹgbẹ́ tí Ladipo Solanke, agbẹjọ́rò ọmọ Yorùbá, jẹ́ olùdásílẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1925. Ó fi yé wọn pé gbogbo ẹ̀yà ènìyàn ni ìlérí inú ìwé náà kàn, aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, Churchill sọ nínú Ilé Aṣòfin pé àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí Nazi gbà ni wọ́n ní lọ́kàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò gbàgbé ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Nígbà tí Attlee dé orí àlééfà, kò mú ìlérí náà ṣẹ fún Áfíríkà bí ó ṣe mú un ṣẹ fún India. Ní ọdún 1947 àwọn aṣojú NCNC, Nnamdi Azikiwe àti Funmilayo Ransome-Kuti lára wọn, lọ sí London láti tako òfin ìṣèlú Richards, wọ́n sì rí mínísítà ìjọba amúnisìn, Arthur Creech Jones, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfìfo ni wọ́n fi padà. Ní ọdún 1948 wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949 àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà èédú 21 ní Enugu. Òfin ìṣèlú Macpherson ti ọdún 1951, tí ó gbòòrò ju ti Richards lọ, jáde lábẹ́ ìjọba rẹ̀. Ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ètò ẹ̀pà gbíngbìn ní Tanganyika jẹ owó tí ó lé ní 30 mílíọ̀nù pọ́n-ùn láìmú ẹ̀pà tí ó tó nǹkan jáde. Ní ọdún 1950 ìjọba rẹ̀ lé Seretse Khama kúrò ní Bechuanaland nítorí pé ó fẹ́ òyìnbó, kí South Africa má baà bínú. Èyí wà lára àwọn ohun tí kò ní ọ̀nà àwíjàre.

Ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù átọ́míìkì náà fi hàn pé ẹni tí ń bọ̀wọ̀ fún ìgbìmọ̀ lè fò ó dá nígbà tí ó bá wù ú. Ìpinnu pé kí Brítánì ṣe tirẹ̀ wáyé ní oṣù Kìíní ọdún 1947 láàárín ìwọ̀nba mínísítà mélòó kan; ìgbìmọ̀ ńlá kò jíròrò rẹ̀, Ilé Aṣòfin kò sì gbọ́ nígbà náà.

Ìṣubú ìjọba rẹ̀

Nínú ìdìbò oṣù Kejì ọdún 1950, ìjókòó 315 ni Labour ní, márùn-ún péré ni wọ́n fi ju àpapọ̀ àwọn yòókù lọ. Àwọn àgbà ti rẹ̀. Cripps ṣàìsàn, ó lọ; Bevin kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1951, bí òpó tí Attlee ń fi ẹ̀yìn tì sì ṣe wó nìyẹn. Ogun Korea mú kí owó ohun ìjà pọ̀ sí i. Attlee ti fi Hugh Gaitskell, ọ̀dọ́ mínísítà, sí ìṣúná, ipò tí Bevan rò pé ó tọ́ sí òun. Nígbà tí Gaitskell ní kí aráàlú máa san díẹ̀ lára owó eyín àtọwọ́dá àti awò ojú, Bevan rí i bí ìdọ̀tí tí wọ́n dà sínú omi tí òun gbẹ́. Ó kọ̀wé fipò sílẹ̀, Harold Wilson àti John Freeman tẹ̀ lé e.

Attlee wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn nítorí ọgbẹ́ inú ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, Morrison ló ń ṣe alága. Bóyá ìbá ti pẹ̀tù sí i bí ó bá wà níbẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òun ló yan Gaitskell, òun ló sì kùnà láti wá nǹkan fi tu Bevan lójú. Lọ́dún yẹn kan náà ó pe ìdìbò ní oṣù Kẹwàá, lára ìdí rẹ̀ ni pé ọba ń gbèrò ìrìn-àjò, kò sì fẹ́ fi í sínú iyèméjì. Labour rí ìbò tí ó tó 13.9 mílíọ̀nù, ó ju ti àwọn Conservative lọ, ṣùgbọ́n ìjókòó 295 ni ó mú wá. Àwọn Conservative àti alábàáṣe wọn ní 321. Churchill padà sí àga.

Ọjọ́ ogbó àti ikú

Attlee ṣì ṣe olórí ẹgbẹ́ alátakò fún ọdún mẹ́rin, nígbà tí ìhà Bevan àti ìhà Gaitskell ń fa ẹgbẹ́ náà ya. Àwọn kan ní ó dúró pẹ́ kí Morrison lè dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n lè yàn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn nígbà tí ó fipò sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1955, nítorí Gaitskell ló wọlé, Morrison sì ṣe ẹ̀kẹta. Wọ́n fi Attlee jẹ oyè Earl, ó sì lọ sí Ilé Àwọn Ọlọ́lá. Ó ti kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, As It Happened, jáde ní ọdún 1954, ìwé tí ó fi gbólóhùn díẹ̀ kọjá lórí ohun tí àwọn ẹlòmíràn ìbá fi odindi orí sọ.

Violet kú ní ọdún 1964. Attlee kú ní ilé ìwòsàn Westminster ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 1967, ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ogún tí ó fi sílẹ̀ jẹ́ £7,295. Ní ọdún 2004, nígbà tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Leeds bi àwọn onímọ̀ ìtàn àti ìṣèlú léèrè nípa àwọn Alákòóso Àgbà ọ̀rúndún ogún, òun ni wọ́n fi sí ipò kìíní, Churchill sì ṣe ìkejì. Wọ́n sin eérú rẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey, níbi tí eérú Ernest Bevin wà pẹ̀lú.